Ènì Kì Í Ṣe Owó Orí: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Àwọn Ọmọ Tó Ń Ṣọ́ Mọ́tò Lẹ́nu Ọjà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin àbúrò wa lọ́jà, láti Sábó dé Ìta Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú, láti Ìtóìkín títí dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́,

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé yìí, kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Ní ìpàdé tó kọjá, ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé a ò rí i parí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ mọ́tò lẹ́nu ọjà ni. Àwọn kan nínú wa dìde, wọ́n ní kí á lé gbogbo wọn, kí á fi ọlọ́pàá kó wọn. Àwọn mìíràn ní rárá, kí ẹgbẹ́ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, kí mọ́tò tó bá dúró máa san iye kan pàtó, kí ẹgbẹ́ sì máa yọ ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí akọ̀wé lọ kọ èyí tó bá dára jù wá. A jókòó, a rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a rí i pé kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kí ẹni tó wà nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kà á sí i létí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kọ́sítọ́mà wa mọ́tò dé ẹnu ọjà. Ọmọ kan sáré bọ́ síwájú, ó ń fi ọwọ́ júwe: "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ gé e sọ́tùn-ún, ó tó." Ó ní, "Màmá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ń wò ó fún yín." Ó mú páálí, ó fi bo gíláàsì iwájú nítorí oòrùn. Màmá wọjà lọ, ó lo wákàtí kan, ó lo méjì. Nígbà tó padà dé, ọmọ yìí gba ẹrù lórí aláàárù, ó bá a kó o sí búùtù, ó dá àwọn ọlọ́kadà dúró kí màmá lè ríbi yí orí mọ́tò padà. Màmá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó fún un ní N200 tàbí N500. Ọmọ ní, "Ẹ ṣé o, Màmá. Ẹ ó máa rí bá ti ṣe."

Kí ni à ń pe owó yẹn? Àwa ọlọ́jà mọ orúkọ rẹ̀. Ènì ni. Bí a bá wọn gààrí tán fún èèyàn, a ó bu díẹ̀ lé e. Kò sí òfin tó ní kí á bù ú lé e, kọ́sítọ́mà kò sì lè fi ipá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í fi ènì sí i, ẹ máa wò ó títí, àtẹ rẹ̀ á dá. Ẹ̀yìn òṣùwọ̀n ni ènì ń dé, inú dídùn ló ń mú un wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni owó ọmọ tó ṣọ́ mọ́tò.

Ẹ wá wo èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ọjà wa nígbà Iléyá tó kọjá. Kọ́sítọ́mà kan wà tó ti ń ra ẹja lọ́wọ́ wa láti ọdún 11. Láti ọ̀nà Ajah ló ti ń wá. Bó ṣe ní kí òun gbé mọ́tò sílẹ̀ báyìí, ọmọkùnrin mẹ́ta yọ sí i, wọ́n ní N1,000 ni, kó san án kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó fún wọn ní N200, ó ní òun á ṣe ìyókù bí òun bá ń lọ. Nígbà tó fi máa padà, táyà ẹ̀yìn kan ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ọmọ náà ti pòórá. Ẹni tí a bá níbẹ̀ ní òun ò mọ nǹkankan. Ẹja tútù wà nínú búùtù, oòrùn ọ̀sán ń pa á, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwa la bá a wá fọkanáísà kiri. Láti ọjọ́ náà, a ò fojú kàn án mọ́. Nígbà tí a pè é lórí fóònù, ó ní kí á má bínú, òun ti rí ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹja wá bá òun nílé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, N1,000 kọ́ ló bá obìnrin yẹn lọ. Ẹja ọdún 11 ló bá a lọ. Ata tó ń rà lọ́wọ́ ìyá aláta bá a lọ. Owó aláàárù bá a lọ. Láyé àtijọ́, bí kọ́sítọ́mà bá bínú, ọjà mìíràn ló máa lọ, ó sì lè padà wá. Lóde òní, orí fóònù ló ń lọ, kì í sì í padà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tiwa ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí á lé wọn, ẹ̀yin la fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Ta lẹ fẹ́ lé? Ẹ lọ wo ojú wọn dáadáa. Ọmọ aláṣọ tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ welidà tí kò rí owó ra ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòròdú, ẹ ò tíì gbàgbé ọdún 2016 àti 2017 tí àwọn Badoo ń pa ìdílé lójú oorun. Ta ló ń ṣọ́ òru nígbà náà? Ṣebí àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ló jáde, tí à ń dáwó fún láti ra tọ́ọ̀ṣì? Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọmọ ìta lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni pé nígbà náà, inú fùfù mú kí àwọn kan lu aláìṣẹ̀ pa. Ìyẹn gan-an ló kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣọ́ nǹkan fún ìlú, àgbà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń jíyìn fún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ tún rántí oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó tí owó náà wá di góòlù. Kọ́sítọ́mà dé, kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Àwa pàápàá ń fi tiransifá tajà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe wá bó ṣe wù ú. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, a rí ọmọ tó ṣọ́ mọ́tò láti àárọ̀ dalẹ́ tó jẹ́ "ẹ ṣé" nìkan ló gbà, ó sì padà wá lọ́la. A rí ọmọ kan náà tó sáré wọ inú ọjà, tó ń pariwo, "Ta ló ni Corolla dúdú? Wọ́n fẹ́ wọ́ ọ lọ o!" Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ni ín kò fi san owó tó ju ọjà tó rà lọ. A sì rí àwọn mìíràn tó jẹ́ pé táyà ni wọ́n ń jò. Ẹ̀yin náà ẹ rí ìyàtọ̀ ibẹ̀. Olùṣọ́ ni ti àkọ́kọ́, olè ni ti ìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọlọ́pàá kó àwọn méjèèjì pọ̀, olè ló ń ṣe lóore, nítorí olè ló máa kọ́kọ́ padà wá.

Kì í ṣe wa nìkan lèyí dé bá. Ní ìlú Nairobi ní Kenya, àwọn ọmọ tí kò nílé wà tó ń wá àyè ìgúnlẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan fún wọn. "Parking boys" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní ọdún 1973, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Arnold Grol dá ẹgbẹ́ Undugu sílẹ̀ nítorí wọn. Ilé-ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi gbà wọ́n. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ní kí á tẹ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bínú sí wa o. Ènì tí a bá ti kọ iye sí lára, kì í ṣe ènì mọ́, ó ti di owó orí. Ta ló wá fún wa láṣẹ àti gba owó orí lójú pópó? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú àfikún kẹrin, fi ọ̀rọ̀ ọjà àti ibùdókọ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní Èkó níbí, òfin ètò ìrìnnà ti ọdún 2018 fi ọ̀rọ̀ ìgúnlẹ̀ mọ́tò sọ́wọ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní LASPA. A wá a títí, a ò rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ ọlọ́jà sí. Bí a bá tẹ tíkẹ́ẹ̀tì lónìí, àwọn mìíràn á tẹ tiwọn lọ́la, wọ́n á ní ṣebí ẹgbẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ́sítọ́mà á wá máa san mẹ́ta kó tó ra ẹja kan.

Ẹ rántí ibi tí a ti wá. Ní ọdún 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí l'Ékòó. Ìyá wa Alimotu Pelewura kó àwọn obìnrin ọjà jọ, wọ́n lọ bá ìjọba, wọ́n ní àwọn ò gbà. Ìjọba gbé e sókè sí £200. Ẹ wò ó, ẹni tí ìyá rẹ̀ ba owó orí jà, ṣé òun náà ló yẹ kó wá máa ja tíkẹ́ẹ̀tì fún kọ́sítọ́mà?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí a ò gbọdọ̀ gbé mì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ló ń dá owó fún ọ̀gá kan kílẹ̀ tó ṣú. Bó rí, bó ò rí, o gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó. Ìyẹn gan-an ló ń sọ ọmọlúàbí di jàgídíjàgan. Ọmọ tó mọ̀ pé N3,000 ni òun máa kó fún ọ̀gá, kò lè dúró de inú dídùn ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ fi ipá gbà á. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní South Africa. Àwọn tó ń ṣọ́ mọ́tò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń jẹun, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, wọ́n ń sanwó ojoojúmọ́ fún ẹni tó ń darí àyè náà kí wọ́n tó lè dúró. Lọ́jọ́ tí òjò bá pa ọjà, gbèsè ni wọ́n ń gbé relé. Ìpín tí ẹ ní kí ẹgbẹ́ máa yọ yẹn, ọ̀gá tuntun lẹ fẹ́ sọ ẹgbẹ́ dà. Àwọn kan nínú wa sì wà tí wọ́n ti ń bá àwọn ọ̀gá yẹn pín in lábẹ́lẹ̀. A ò ní dárúkọ. Wọ́n mọ ara wọn.

Ibi tó wá dunni jù nìyí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún ara wa. Kí ló dé tí kọ́sítọ́mà fi ń gbé mọ́tò sójú títì tí yóò fi nílò ẹni tó máa ṣọ́ ọ? Níbo ni àyè ìgúnlẹ̀ ọjà wà? Àwa la tẹ́ tábìlì síbẹ̀! Àwa la ta agbòòrùn síbẹ̀! Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ kí mọ́tò 20 lè dúró, ata àti tòmátì ló kún ibẹ̀ báyìí. Òfin tó lòdì sí ọjà títà lójú títì ti wà l'Ékòó láti ọdún 2003. Ní ọdún 2016, ìjọba tún kìlọ̀ pé ẹni tó tà àti ẹni tó rà, N90,000 ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. A ké nígbà náà, a sá, a sì tún padà. Àwa la gba àyè, àwa la dá iṣẹ́ ìṣọ́ mọ́tò sílẹ̀, a wá ní kí kọ́sítọ́mà san owó rẹ̀. Ṣé ó bójú mu bẹ́ẹ̀?

Ohun tí a rò pé ó yẹ kí á ṣe nìyí.

Èkíní, ẹni tí àlejò wá bá ló ń gba àlejò. Torí tiwa ni mọ́tò ṣe dúró, kí àwa san owó ìṣọ́. Bí ìsọ̀ 100 bá dá N500 lọ́sẹ̀, N50,000 nìyẹn. Bí ọmọ 5 bá ń ṣọ́ ẹnu ọjà, N10,000 ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, kó tó rí ènì kankan. Ìwé mẹ́fà la kà, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò le. N500 kò tó owó búrẹ́dì kan mọ́. Ìyá aláta kan ti bi wá léèrè pé, "Akọ̀wé, ẹsẹ̀ ni kọ́sítọ́mà tèmi fi ń rìn wá, kí ni tèmi nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò?" Òótọ́ ló sọ. Kí ẹni tó ń pàtẹ sílẹ̀ má san. Kí ó jẹ́ àwa tí a ní ìsọ̀ lábẹ́ òrùlé, àwa ẹlẹ́ja, àwa aláṣọ, àwa tí à ń ta ọjà lápò lápò, nítorí àwa ni mọ́tò ń wá bá.

Èkejì, kí á mọ àwọn ọmọ náà. Kí wọ́n mú òbí tàbí onídùúró wá, kí á kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí á fún wọn ní jákẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà, kí á sì mú ìwé orúkọ náà lọ sí káńsù kí wọ́n mọ̀ sí i. Ní Brazil, láti ọdún 1975 ni òfin ti wà pé kí ẹni tó ń ṣọ́ mọ́tò lójú pópó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ní orúkọ níwèé, ojú á tì í láti jò táyà. Bí ojú ò bá sì tì í, a mọ ilé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ènì máa jẹ́ ènì. Kí ọmọ kankan má béèrè kí iṣẹ́ tó parí. Kí ó má dá iye lé e. Kọ́sítọ́mà tí kò bá fúnni, kí ó máa lọ ní àlàáfíà, kí ẹnikẹ́ni má ṣépè lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan táyà tàbí tó họ mọ́tò, kí ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́. Bó jẹ́ ọmọ Akọ̀wé, kí ó bọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ wọn, pàápàá jù lọ àwa. Kí owó tí a bá dá wà lọ́wọ́ obìnrin méjì tí ìpàdé yàn, kí wọ́n máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí wa lóṣooṣù bí alájọ ṣe ń ka tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ ká kó tábìlì kúrò ní àyè mọ́tò. Kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìgbìmọ̀. Tábìlì Akọ̀wé wà lára wọn, a ti gbé e kúrò ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ẹ lè lọ wò ó.

Ẹnìkan á ní, bí a bá sanwó fún wọn tán, ṣé kọ́sítọ́mà á tún máa fún wọn? Á máa fún wọn. Ìsọ̀ tó ń ta ẹja ní iye tó yẹ, ṣé wọn kì í tún kí i pé "ẹ ṣeun", kí wọ́n ní kó mú ṣéńjì? Ẹni tí inú rẹ̀ dùn ló ń fúnni, ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà kì í fúnni, ṣe ló ń sá. Àwa náà tí a bá lọ ra ọjà ní Mile 12, ẹ jẹ́ ká rántí ọmọ tó dúró ti ọkọ̀ ẹrù wa níbẹ̀. Ẹ má mú N50 fún un mọ́. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbogbo wa la fi kún owó ọjà wa. Ìkùn tiẹ̀ náà ń jẹun.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ohun tí a kọ, kí ó wá sọ ọ́ níbẹ̀, kí ó má sọ ọ́ sábẹ́ agbòòrùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá, ẹ ka iye kọ́sítọ́mà tó ń fi mọ́tò wá bá yín lọ́dún tó kọjá, ẹ ka ti ọdún yìí, kí ẹ mú iye méjèèjì dání wá.

Ajé á bá wa jókòó o. Ọjà á tà, a ó rérè.

Àwa ni ti yín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ Ìgbìmọ̀.